Oyin Inú Ògiri Tatomkhulu

Ilé Makhulu,
Lẹ́yìn Sterkspruit.
Ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù Kẹrin.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà, Sisi Nomonde,

Mo kí yín o. Mo kí yín bí ẹni tó dúró lórí òkè, tó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹ̀gbẹ́ ẹnu kí ohùn rẹ̀ lè dé àfonífojì. Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ilé ìwòsàn kò ṣẹ́ yín lẹ́yìn? Ṣé àwọn ará Bloemfontein ń jẹ́ kí ẹ sùn? Àwa níbí wà láàyè. Òtútù ti ń rọ́ bọ̀ láti orí òkè Lesotho, ìyá wa àgbà, Makhulu, ń jẹun, eyín wọn tó ń mì kò tíì bọ́. Èmi náà wà. Ẹ má gba ohun tí wọ́n ń sọ nípa mi nídìí páìpù omi gbọ́.

Ẹ ó máa wò ó pé kí ló dé tí Yamkela, tó ń sá fún ìwé bí ológbò ṣe ń sá fún òjò, fi jókòó kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Sisi, mi ò gbẹ́kẹ̀ lé fóònù Makhulu yẹn mọ́. Àpò Malume Zolile ló ń gbé báyìí. Wọ́n ní àwọn ń bá ìyá àwọn tọ́jú rẹ̀ ni. Bí ẹ bá pè, Malume ni yóò gbé e, wọ́n á ní Makhulu ń sùn. Makhulu! Àwọn tí kì í fojú kan oorun ọ̀sán láti ìgbà tí wọ́n ti bí wa! Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí Bhuti Mzoxolo onítákísì mú èyí wá fún yín lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ oyin ni. Ẹ rántí pé nígbà tí igi písì yọ òdòdó, tí ilẹ̀ ibojì Tatomkhulu, bàbá wa àgbà, kò tíì gbẹ, ọ̀wọ́ oyin kan gbéra láti ibi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, wọ́n wọ inú ògiri ilé roboto Tatomkhulu níbi tí amọ̀ ti là. Ìdánwò kò jẹ́ kí ẹ wá, ṣùgbọ́n ẹ fi ọkà bàbà ránṣẹ́. A fi pọn ọtí. Àwọn àgbà wá, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n ń wí fún ògiri bí ẹni ń kí àwọn baba ńlá pé, "Camagu! Camagu!" Ta ni kò mọ̀ pé oyin tó bá wọ ilé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú kì í ṣe oyin lásán? Malume ló pariwo Camagu jù, omi ń dà lójú wọn pòròpòrò. Láti ọjọ́ náà ni Makhulu ti ń gbé àpótí ìjókòó lọ sídìí ògiri yẹn láràárọ̀, wọ́n á sì ròyìn ilé fún un: ewúrẹ́ tó bí, aládùúgbò tó ń ṣàìsàn, ìwà mi.

Ohun tí a kò sọ fún yín ni pé àwọn àpótí oyin Makhulu ń kú. Kì í ṣe pé oyin sá kúrò nínú wọn. Wọ́n wà níbẹ̀ wọ̀ǹtìwọnti, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò lọ. Àwọn kan wà láàárín wọn tó dúdú, tí ara wọn ń dán bíi bàtà pásítọ̀; wọ́n kàn ń rìn kiri nínú ilé, àwọn yòókù ń fi oúnjẹ sí wọn lẹ́nu. Ẹyin méjì, ẹyin mẹ́ta, nínú ihò afárá kan ṣoṣo, wọ́n lẹ̀ wọ́n mọ́ ẹ̀gbẹ́ ihò bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé. Ó pẹ́ díẹ̀, ọmọ á jẹrà, àwọn tó ń lọ sóko á tán, àpótí á dákẹ́. Ọ̀kan kú, èkejì bọ́ sí i. Nígbà tó yá, àpótí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ olóyin náà bẹ̀rẹ̀.

Sisi, ìgbà yẹn ni gbogbo ìlú ń wo gbogbo ìlú láti abẹ́ ìbòrí. MaMpinga, alága ẹgbẹ́, ló là á sílẹ̀ nídìí páìpù. Ẹ mọ bó ṣe máa ń fi imú sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ìkọ́ aṣọ fún nímú.

"Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ìyá. Láti ìgbà tí bàbá yẹn ti kó wọ inú ògiri ni àwa ò ti rí oyin lá. Nígbà tó wà láyé, ta ló rí i kó mú nǹkan wálé rí? Kíkó jáde ni tirẹ̀!"

Ẹnì kan ní, "MaMpinga, má bú òkú."

"Òkú kọ́ ni mò ń bú. Oyin ni mò ń bá wí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú wọn. Wọ́n pinnu pé kí oṣù tó parí, kí Makhulu sun gbogbo àpótí wọn, kí wọ́n sì sun ti inú ògiri pẹ̀lú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kí wọ́n jáde nínú ẹgbẹ́. Makhulu dá wọn lóhùn lórí ìjókòó: "Ẹni tó bá fẹ́ sun ọkọ mi, kó kọ́kọ́ sun èmi tí mo fẹ́ ẹ." Makhulu dìde, wọ́n gbé korobá wọn tí omi kò tíì kún, wọ́n lọ sílé.

Nínú irú àkókò yìí ni obìnrin kan dé pẹ̀lú mọ́tò funfun. Dókítà Refilwe ni orúkọ rẹ̀, Mosotho ni, ẹ̀yà Sotho, ó ń ṣiṣẹ́ ìwádìí ní yunifásítì. Kò fi bẹ́ẹ̀ jù yín lọ, bí kò bá jẹ́ pé awò ojú rẹ̀ ń dá a dàgbà. Ó gbé fìláàsì ńlá kan dání, tó bá ṣí i, èéfín funfun á máa rú jáde, èéfín náà sì tutù ju yìnyín òkè lọ. Ó ń kó oyin láti inú àpótí àti láti inú ògiri, ó ń dà wọ́n sínú èéfín yẹn, wọ́n á gan lẹ́ẹ̀kan náà, kírí-kírí bí ẹ̀pà. Ṣé ó yẹ kí ẹ̀dá alààyè rí ìyẹn kó má fura? Ta ló pè é? Báwo ló ṣe mọ̀ pé oyin wa ń kú? Àwọn kan ní òun gan-an ló ń pa wọ́n, kó lè rí òkú wọn tà.

Mo bá ń ṣọ́ ọ. Mo fara pamọ́ sẹ́yìn igi, ohunkóhun tó bá sọ fún ara rẹ̀, mo ń sọ ọ́ tẹ̀lé e pẹ̀lú ohùn rẹ̀, pẹ̀lú bí ó ṣe ń fa ọ̀rọ̀ bíi ṣingọ́ọ̀mù. Kò tilẹ̀ yíjú.

"Ta ló ń fi ohùn mi ṣeré níbẹ̀ yẹn? Ó dára ju tèmi lọ. Wá bá mi di ìdérí yìí mú."

Mo jáde. Mo ní, "Kí lẹ fẹ́ fi wọ́n ṣe? Ṣé ẹ̀ ń tà wọ́n?"

"Ta ni yóò ra oyin tó ti gan?"

"Àwọn òyìnbó ti ra ohun tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ó rẹ́rìn-ín títí awò ojú rẹ̀ fi yọ̀. Ìgbà yẹn ló sọ ọ́ fún mi, èmi náà sì ń sọ ọ́ fún yín bí mo ṣe gbọ́ ọ, torí ẹ̀yin ti kàwé, ẹ ó mọ̀ bóyá irọ́ ló pa.

Ó ní ìwé kan wà nínú ara oyin kọ̀ọ̀kan, tí ojú kò lè rí, ìwé kan náà sì ni ti ayaba àti ti òṣìṣẹ́. Mo ní kò lè rí bẹ́ẹ̀. Bí ìwé bá jẹ́ ọ̀kan náà, kí ló dé tí ọ̀kan fi jókòó tó ń yé ẹyin, tí èkejì ń pọnmi títí ìyẹ́ rẹ̀ fi ya? Ó ní nítorí pé kì í ṣe gbogbo ojú ìwé ló ń sọ̀rọ̀. Àwọn tíntìntín kan wà tí ń rìn káàkiri inú ara, iṣẹ́ tiwọn kò ju pé kí wọ́n lẹ̀ mọ́ ojú ìwé lẹ́nu: "Ìwọ, ṣẹ́ẹ́! Kò kàn ọ́ lónìí." Orúkọ gígùn ló pè wọ́n. Èmi sọ wọ́n ní Panumọ́. Ohun tí wọ́n bá fi bọ́ ọmọ oyin nígbà tó ṣì jẹ́ ìdin funfun ló ń sọ Panumọ́ tí yóò pọ̀ lára rẹ̀, àti bóyá yóò di ayaba tàbí òṣìṣẹ́. Ó ní òdòdó pàápàá ní Panumọ́ tirẹ̀, pé àwọn onímọ̀ kan rò pé ó ń bá ìyẹ̀fun òdòdó wọ inú ọmọ oyin, kó má baà di ayaba, àwọn mìíràn sì ní àwọn kò gbà. Inú mi dùn sí ìyẹn, pé àwọn náà ń fura síra wọn. Ó tún ní Panumọ́ oyin tó ń tọ́mọ nílé kò rí bíi ti oyin tó ń lọ sóko; bí oyin bá ń dàgbà, àwọn kan á kúrò lẹ́nu ojú ìwé, àwọn mìíràn á dé, ọmọ ilé á gbéra, á di ará oko.

"Àwọn dúdú yẹn ńkọ́?" ni mo bi í.

Ó ní ìran wọn ti etí òkun níhà gúúsù wá. Láàárín oyin tiwa, bí ayaba bá wà nílé, òórùn rẹ̀ ń mú kí ara òṣìṣẹ́ dákẹ́, kó má yé ẹyin. Àwọn dúdú kò dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n á wọ ilé onílé, wọ́n á gbé òórùn ayaba wọ̀ bí ẹ̀wù ẹlẹ́wù, onílé á sì máa bọ́ wọn títí ilé yóò fi tú. Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é gan-an kò tíì yé ẹnikẹ́ni tán, ìdí nìyẹn tí òun fi ń gan wọ́n, kí Panumọ́ má baà túká kí òun tó kà wọ́n. Ó wá wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Afarawé ni wọ́n," ó ní, "bíi tìrẹ." Mi ò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó padà wá, ó ti rí èsì. Oyin inú ògiri mọ́ tónítóní: ayaba wọn wà, òṣìṣẹ́ wọn dákẹ́. Àpótí Makhulu ni kò sí ẹyọ kan tó mọ́ nínú wọn. Ó ní kí a dí ẹnu wọn nírọ̀lẹ́ tí gbogbo wọn bá ti wọlé, kí a sun wọ́n kíákíá, torí bí àwọn dúdú bá jẹ àpótí tán, ògiri ló kàn. Ó wá bi mí pé, "Ṣùgbọ́n ta ló kó wọn wọ inú àpótí?"

Sisi mi! Gbogbo ẹni tó wà nílùú ni mo ti fura sí, MaMpinga, Malume, òun gan-an pẹ̀lú fìláàsì rẹ̀. Mi ò fura sí ẹni tí mo fojú ara mi rí. Lẹ́yìn ọtí Tatomkhulu, oyin díẹ̀díẹ̀ máa ń wá so mọ́ wáyà ọgbà, kò ju ẹ̀kúnwọ́ lọ. Makhulu á pariwo ayọ̀: "Àwọn tó bá a rìn ni! Bàbá yín kì í dá rìn láyé, ṣé ọ̀run ló ti máa dá rìn?" Wọ́n á fi épírọ́ọ̀nù wọn gbá wọn jọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n á fún wọn ní yàrá nínú àpótí, wọ́n á wọ́n ọtí díẹ̀ sórí ìdérí. Níbòmíràn, olóyin á kọ́kọ́ yẹ irú oyin bẹ́ẹ̀ wò dáadáa. Nílé wa, ta ni yóò bi àlejò baba rẹ̀ pé níbo lo ti wá?

Dókítà lọ bá Makhulu sọ ọ́ pé kí wọ́n sun àpótí. Makhulu gbọ́ ọ tán, wọ́n fi áṣáà sí imú, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ní ilé tiyín, ṣé ẹ máa ń sun àlejò?" Ọ̀rọ̀ parí.

Bó ṣe rí nìyí nígbà tí Malume wá bá mi nídìí ọgbà màlúù. "Yamkela, ọmọ mi àtàtà." Èmi, àtàtà! Mo wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹlòmíràn wà níbẹ̀.

"Ṣé o ṣì lè sọ̀rọ̀ bíi Tata?"

Mo kọ́kọ́ wú ikọ́ Tatomkhulu, èyí tó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ikùn. Mo wá ní, "Zolile! Ta ló jí tábà mi?" Malume fò sókè, wọ́n ṣí fìlà! Nígbà tí wọ́n rí fìlà lọ́wọ́ ara wọn, inú bí wọn sí fìlà náà.

Wọ́n ní kí n dúró sẹ́yìn ògiri nírọ̀lẹ́, kí n fi ohùn yẹn sọ fún Makhulu pé kí wọ́n sun gbogbo rẹ̀, àpótí àti ògiri, pé òun ti padà lọ sinmi. "Ẹgbẹ́ ò ní lé ìyá jáde. Ṣé o ò fẹ́ràn ìyá ni?"

"Ilé roboto náà ńkọ́, Malume?"

"Ilé roboto wo? Ta ló dárúkọ ilé?"

"Mo rí èèkàn tí ẹ kàn yí i ká."

"Èèkàn ewúrẹ́ ni."

"Ewúrẹ́ tó fẹ́ máa fọ mọ́tò? Ẹ̀yin náà lẹ sọ ọ́ nílé ọtí pé ibẹ̀ á dára fún ibi ìfọ mọ́tò."

Wọ́n fa etí mi díẹ̀, wọ́n wá rántí pé ẹ̀bẹ̀ ni àwọn ń bẹ̀, wọ́n fi í sílẹ̀. Mo gbà fún wọn. Ṣùgbọ́n mo ti ní tèmi nínú: màá sọ̀rọ̀ lóòótọ́, màá ní, "Ẹ sun àpótí, àwọn tó bá mi wá kì í ṣe ẹni rere. Ẹ má fọwọ́ kan ògiri mi." Malume á pàdánù, oyin Tatomkhulu á yè, Makhulu kò sì ní gbọ́ láé pé ọwọ́ àwọn ni àlejò náà gbà wọlé. Mo lọ sí àfonífojì, mo fi ara mi ṣe Tatomkhulu títí àwọn olùṣọ́ àgùntàn fi ń kí mi láti òkè kejì.

Ìrọ̀lẹ́ dé. Mo lúgọ sẹ́yìn ilé roboto. Mo ń gbọ́ oyin nínú ògiri, bí ìkòkò tó ń hó lábẹ́ aṣọ. Makhulu gbé ìjókòó wọn dé, wọ́n mí kanlẹ̀. Ikọ́ Tatomkhulu ti dé ọ̀nà ọ̀fun mi.

"Bàbá Zolile," wọ́n ní, "ilẹ̀ ti ń ṣú. Ẹnì kan wà lẹ́yìn yín níbẹ̀ yẹn, mo rí i bí àwọn adìẹ ṣe yà fún un. Ohùn yín lẹ́nu ọmọ yẹn dára ju bó ṣe wà lẹ́nu yín lọ, kò ní ọtí nínú. Bó bá sọ̀rọ̀ báyìí, màá gbọ́ràn. Màá mọ̀ pé òun ni, màá ṣì gbọ́ràn. Ẹ wo bó ṣe rẹ̀ mí tó. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó má ṣe mí bẹ́ẹ̀."

Sisi, mo gbé ikọ́ náà mì. Ó le ju egungun ẹja lọ. Mo yọ síwájú pẹ̀lú ohùn tèmi gan-an, èyí tó dà bí ti ewúrẹ́, mo sọ gbogbo rẹ̀: ti Malume, ti èèkàn, ti àwọn dúdú, ti wáyà ọgbà.

Makhulu wo ọwọ́ wọn: "Èmi ni mo kó wọn wọlé?"

"Ẹ̀yin ni, Makhulu."

"Pẹ̀lú ọwọ́ mi."

"Pẹ̀lú épírọ́ọ̀nù yín."

Wọ́n rẹ́rìn-ín kékeré kan tó burú ju ẹkún lọ. Wọ́n wá bi mí bóyá àwọn oyin onílé mọ̀ pé ẹni tí àwọn ń bọ́ kì í ṣe ayaba. Mo ní Dókítà sọ pé wọn kò mọ̀, òórùn ni wọ́n mọ̀. "Hẹn," wọ́n ní. "Ebi òórùn ń pa wọ́n ni."

Wọ́n dìde, wọ́n po amọ̀, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn dí ẹnu àpótí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ọ̀kọ̀ọ̀kan wọ́n ń sọ pé, "Ẹ ṣeun tí ẹ wá. A ti ṣe yín lálejò. Ilé ti tán lọ́wọ́ wa." Èmi da kẹrosíìnì, wọ́n ṣá ìṣáná. Ìda afárá ń jó, òórùn dídùn rẹ̀ gba gbogbo abúlé. Malume sáré dé, wọ́n wo iná, wọ́n wo ògiri tó ṣì dúró, wọ́n wò mí.

"Ohun tí mo ní kó o sọ kọ́ nìyí!"

Makhulu ní, "Kí lo ní kó sọ, Zolile?" Malume ní àwọn gbọ́ bí ewúrẹ́ kan ṣe ń ké níbì kan, wọ́n lọ wò ó. Títí di òní wọn kò tíì rí ewúrẹ́ náà.

Ọjọ́ kejì, MaMpinga kó àwọn obìnrin dé, ó ní àwọn kò gbẹ́kẹ̀ lé èsì tí Dókítà rí nínú oyin tó gan. Makhulu tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ògiri yẹn ní kí Malume yọ búlọ́ọ̀kù amọ̀ kan níṣojú gbogbo wọn. Ẹyin kan nínú ihò kan, ó jókòó sí ìsàlẹ̀ gan-an, ayaba sì ń rìn lọ láàárín àwọn ọmọ rẹ̀. MaMpinga wò ó pẹ́. Ó ní wọ́n á fi sílẹ̀ títí igi písì yóò tún fi yọ òdòdó, ṣùgbọ́n òun á máa ṣọ́ ọ. Kó máa ṣọ́ ọ. Èmi náà ń ṣọ́ òun.

Mo fo nǹkan kan, Sisi, torí mi ò mọ bí n ṣe máa kọ ọ́. Lálẹ́ iná yẹn, nígbà tí Malume ti lọ, Makhulu padà sórí ìjókòó wọn. Wọ́n ní, "Yamkela. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Má sọ ti oyin, má sọ ti ilé. Orúkọ mi nìkan." Ẹ mọ̀ pé Nophakamile tí gbogbo ayé ń pè wọ́n, ilé ọkọ ló fún wọn lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Thozama ni ilé bàbá wọn sọ wọ́n, Tatomkhulu nìkan ló ṣẹ́ kù tó ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Mo bi wọ́n bóyá ó dá wọn lójú. Wọ́n ní àwọn mọ ẹni tó fẹ́ pe àwọn, àwọn kì í ṣe oyin. Mo bá pè é, jẹ́jẹ́, bó ṣe máa ń pè é tó bá ń wá bàtà rẹ̀: "Thozama."

Wọ́n ní, "Mo wà níbí."

Lẹ́yìn náà wọ́n ní n kò gbọdọ̀ dán an wò mọ́ láé, wọ́n gbé ìjókòó wọn wọlé.

Sisi mi, kí Ọlọ́run àti àwọn tó ṣáájú wa fi ọwọ́ bò yín. Kí aláìsàn tí ẹ bá fọwọ́ kàn dìde. Kí ẹni tó bá fẹ́ tàn yín jẹ gbé ohùn ara rẹ̀ mì. Bí ìsinmi bá dé, ẹ wálé, torí èèkàn yẹn ṣì wà nílẹ̀, mo sì ti fà díẹ̀ nínú wọn tu, Malume ń fura sí àwọn ajá.

Èmi ni àbúrò yín tí kò láyọ̀lé, tó sì ń ro yín,

Yamkela.

Àfikún: MaMpinga ránṣẹ́ wá láàárọ̀ yìí pé ọmọ-ọmọ òun ń wúkọ́, kí a fún òun ní oyin díẹ̀ láti inú ògiri. Mo lọ sẹ́yìn fèrèsé wọn lọ tẹ́tí. Ọmọ náà ń wúkọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í wú u àyàfi tí ìyá àgbà rẹ̀ bá wò ó.